Bọ́tìnnì Ẹ̀wù Kakí: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Tó Ní Dyspraxie Láti Wọṣọ Iléèwé Fúnra Rẹ̀

Ọmọ ti wẹ̀, ó ti mu ẹ̀kọ, àpò ìwé ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró láàárín yàrá, ẹ̀wù kakí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń fi ìka wá ihò bọ́tìnnì kiri. Bọ́tìnnì òkè bọ́ sínú ihò kejì, apá kan ẹ̀wù gùn ju èkejì lọ. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún ti wọ tirẹ̀ tán, ó ti ń ṣeré níta. Ẹ wo aago, ẹ pariwo mọ́ ọn, ẹ fa ẹ̀wù náà mọ́ra, ẹ bá a dè é. Bó ṣe rí lánàá nìyẹn, bó ṣe máa rí lọ́la náà nìyẹn.

Aránṣọ ni mí, Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń ránṣọ. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún méje kò lè wọ ẹ̀wù tí mo fọwọ́ ara mi rán fún un. Olùkọ́ kan sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni, mo gbà á gbọ́, mo sì na ọmọ náà. Mo nà án lórí ohun tí ara rẹ̀ kò tíì mọ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ìgbà tí dókítà rán wa lọ sọ́dọ̀ ergothérapeute ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe é: dyspraxie, ìṣòro bí ọpọlọ ṣe ń ṣètò ohun tí ara fẹ́ ṣe.

Ergothérapeute yàtọ̀ sí kinésithérapeute tó ń na iṣan àti oríkèé. Ohun tí èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀ dá lé: wíwọṣọ, jíjẹun, kíkọ̀wé, eré ṣíṣe. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí obìnrin náà bá mi sọ ni pé bí mo bá fẹ́ kí ọmọ mi mọ bọ́tìnnì í dè, bọ́tìnnì ni kí n gbé fún un. Kí n má fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní kí ó máa tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà lọ́wọ́ pé mo fẹ́ kí ìka rẹ̀ le ná. Ohun tí mo ti ń mú un ṣe nígbà yẹn gan-an nìyẹn. Ohun tí ó kọ́ mi, pẹ̀lú ohun tí èmi fúnra mi mọ̀ nípa òwú àti abẹ́rẹ́, ni mo kọ sílẹ̀ síbí.

Ṣé irú ọmọ yìí ni tiyín?

Ọmọ tó ní dyspraxie gbọ́n. Ó lè pa àlọ́ Ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó lè ṣírò owó àkàrà lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lè gba tirẹ̀ ní oṣù mẹ́ta. Ó ń da omi sílẹ̀. Ó ń kọsẹ̀ níbi tí kò sí òkúta. Bàtà ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ òsì. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i ti bà á láyà kí ó tó na ọwọ́. Iṣan rẹ̀ kò lárùn; bí ọpọlọ ṣe ń ṣètò ohun tí ara fẹ́ ṣe, èyí tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e, ni ó ṣòro fún un. Nínú ọmọ iléèwé 100, bíi 5 tàbí 6 ni ó ń bá jà. Nítorí náà, kíláàsì tó bá ní ọmọ 50 lè ní méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ tàbí aláìbìkítà.

Dókítà ló ń sọ bóyá dyspraxie ni, kì í ṣe èmi, kì í ṣe aládùúgbò. Wọn kì í sáábà sọ ọ́ kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún, torí pé ọwọ́ ọmọdé kì í gbọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò pẹ̀lú; ẹni tí kò bá rí ihò dáadáa kò lè fi bọ́tìnnì bọ̀ ọ́.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró de ìtọ́sọ́nà kankan: ọmọ tó ti mọ nǹkan ṣe tẹ́lẹ̀ tó wá ń sọ ọ́ nù, ọmọ tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ ju èkejì lọ, ọmọ tí gìrì ń gbé, ọmọ tí ìṣubú rẹ̀ ń pọ̀ sí i lóṣooṣù. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lónìí.

Kò sí oògùn, àgbo tàbí abẹ́rẹ́ tó ń mú dyspraxie lọ. Ẹni tó bá ń tà á fún yín, owó yín ló ń wá.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ẹ̀wù kakí àtijọ́ kan tó tóbi ju ara ọmọ lọ díẹ̀, tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi rọ̀, tí kò ní sítáàṣì. Kakí tuntun le bíi páálí.
- Bọ́tìnnì oríṣi mẹ́ta: èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, èyí tó fẹ̀ tó 1.8, àti bọ́tìnnì ẹ̀wù gidi tó jẹ́ bíi 1.1. Àwọn tó ń ta òwú àti síìpù lọ́jà ní gbogbo rẹ̀.
- Òwú pupa tàbí funfun, àwọ̀ tó yàtọ̀ gedegbe sí kakí.
- Àpótí ìjókòó tí ẹsẹ̀ ọmọ máa fi kanlẹ̀ pẹrẹsẹ.
- Ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ́sàn-án tàbí nírọ̀lẹ́.
- Ìwé kékeré kan àti bírò.

Ohun tí ẹ máa sọ fún aránṣọ yín nìyí, torí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀wù fúnra rẹ̀ ń dá kún ìyà ọmọ. Kí ó la ihò náà gùn ju bọ́tìnnì lọ ní mìlímítà 3. Kí ó fi òwú aláwọ̀ yẹn yí etí ihò ká kí ojú lè tètè rí i. Ibi tí àwa aránṣọ ti ń ṣàṣìṣe jù ni ọrùn bọ́tìnnì: a máa ń rán an mọ́ aṣọ típẹ́típẹ́ kí ó má baà já. Bọ́tìnnì tó lẹ̀ mọ́ aṣọ kò fún ìka láyè láti mú un. Kí ó fi igi ìṣáná kan sáàárín bọ́tìnnì àti aṣọ bí ó ṣe ń rán an, kí ó yọ igi náà tó bá tán, kí ó wá fi òwú wé abẹ́ bọ́tìnnì náà bíi ìgbà mẹ́rin. Bọ́tìnnì yóò ní ọrùn, yóò dúró sókè díẹ̀. Bọ́tìnnì ńlá ni kí ó kọ́kọ́ rán sí i, márùn-ún péré.

Lára ẹ̀wù ọkùnrin, apá ọ̀tún ni bọ́tìnnì ń wà, ihò wà lápá òsì. Bí ọmọ yín ọkùnrin bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ ní kí aránṣọ gbé wọn ní ìdàkejì. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ilé ń sọ nípa ọwọ́ òsì. Kí ọmọ fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ti bọ́tìnnì àti bírò, ẹ jẹ́ kó lo ọwọ́ tó gbọ́ tirẹ̀. Ọmọ tí ètò ara rẹ̀ ti ń dà rú tẹ́lẹ̀, tí a tún gba ọwọ́ tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù fún un?

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wọ bọ́tìnnì kan nínú ẹ̀wù náà pẹ̀lú ojú dídì. Bí ẹ bá jà kí ó tó wọlé, ẹ dá a padà fún aránṣọ.

Ìpele 1: Ẹ jókòó, ẹ wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án

Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tí òun gan-an fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn ni ó máa ń fara dà. Mo rò pé tèmi máa ní òun fẹ́ tètè dé iléèwé. Rárá o. Ó ní ọjọ́ eré ìdárayá ló ń ba òun nínú jẹ́: wọ́n á bọ́ kakí, wọ́n á tún wọ̀ ọ́, òun nìkan ló máa ń kù lẹ́yìn, wọ́n á sì máa fi òun ṣẹ̀sín. N kò mọ̀ rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó wọ ẹ̀wù náà níṣojú yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ká ọwọ́ yín sẹ́yìn. Ohun tí ẹ ń wá ni ibi tí ó ti dà rú gan-an, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé kò rí ihò tó bá bọ́tìnnì mu ni? Ṣé ó rí i ṣùgbọ́n aṣọ ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́? Ṣé ó ti bọ́tìnnì wọ ihò dé ìdajì, tó wá jù ú sílẹ̀ torí kò mọ̀ pé ó yẹ kí ọwọ́ kejì gbà á? Ti ọmọ mi ni ìkẹta yìí. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń sọ fún un pé "wò ó dáadáa", nígbà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ kọ́ ló ní ẹjọ́.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: Ọwọ́ wa kì í lè dákẹ́. Nígbà tí ọmọ bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, a ti na ọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá lè mú ara yín dúró, ẹ mú agbọ̀n ẹ̀gúsí kan, kí ẹ máa bó o bí ẹ ṣe ń wò ó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ń já. Bí ohun tí ẹ kọ bá jẹ́ "kò mọ̀ ọ́n ṣe", ẹ tún un wò lọ́la.

Ìpele 2: Ara kọ́kọ́ jókòó, aṣọ kọjú síbi tó yẹ

Ọmọ tó ń wá bí òun kò ṣe ní ṣubú kò ní ìka tó kù fún bọ́tìnnì. Ẹ gbé e sórí àpótí, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ìhà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí ìdúró.

Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ tẹ́ ẹ̀wù náà sórí tábìlì tàbí sórí itan rẹ̀. Ẹ fi ọkàn bá mi lọ síbí: *ọrùn ẹ̀wù ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn ọmọ, kí etí ìsàlẹ̀ jìnnà sí i, kí iwájú ẹ̀wù kọjú sókè.* Bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí i nìyẹn tó bá wọ̀ ọ́ tó sì wolẹ̀: ọ̀tún wà lọ́tùn-ún, òsì wà lósì. Bí a bá tẹ́ ẹ bí àwa aránṣọ ṣe ń ká aṣọ fún oníbàárà, tí ọrùn wà lókè ọ̀hún, gbogbo ohun tí ọmọ bá kọ́ ni yóò yí padà lọ́jọ́ tó bá gbé ẹ̀wù náà wọ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń tètè kọ́ nǹkan lè yí i padà lórí fúnra rẹ̀. Tiyín kò ní lè ṣe é, ẹ ó sì rò pé ó ti gbàgbé.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ní kí ó fọwọ́ kan apá tí ihò wà lórí tábìlì. Kí ó wá gbé ẹ̀wù wọ̀, kí ó tún fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ kan náà ni kó lọ síbẹ̀ nígbà méjèèjì.

Ìpele 3: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ní ìgbésẹ̀ márùn-ún. Ẹ kà á pẹ̀lú ìka ara yín:

1. Wá bọ́tìnnì àti ihò tó jẹ́ ẹnì kejì rẹ̀.
2. Fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ òsì mú etí ihò.
3. Fi ọwọ́ ọ̀tún mú bọ́tìnnì létí.
4. Tì í wọlé títí yóò fi yọrí dé ìdajì.
5. Ọwọ́ òsì gbá orí tó yọ mú, ọwọ́ ọ̀tún di aṣọ mú, fà á jáde.

Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe ìkíní dé ìkẹrin. Ọmọ á ṣe ìkarùn-ún nìkan. Ó fà á, ó jáde, ó parí! Òun ló parí rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì fi hàn. Bí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, ẹ ṣe ìkíní dé ìkẹta, kí ó ṣe ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa fà sẹ́yìn títí gbogbo rẹ̀ á fi di tirẹ̀. Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ á bẹ̀rẹ̀, á kùnà láàárín, àgbà á bá a parí. Ohun tí ó ń kọ́ lójoojúmọ́ ni pé òun kì í parí nǹkan.

Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe tọrùn. Ojú rẹ̀ rí tìsàlẹ̀, kò lè rí tọrùn. Tó bá sì pa etí ìsàlẹ̀ méjèèjì pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀wù kò ní gùn lápá kan mọ́.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: Ìyá àgbà. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn ọmọ yìí dénú eegun, kò sì lè jókòó wò ó kó máa jìyà. N kò lè sọ fún ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọ-ọmọ wọn. Ohun tí mo sọ ni pé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ fi fífà jáde sílẹ̀ fún un." Wọ́n gbà. Àwọn gan-an ni wọ́n wá di olùkọ́ ìpele yìí nílé wa, wọ́n sì ní sùúrù jù mí lọ.

Ẹ dá a dúró nígbà tó ṣì ń dùn mọ́ ọn. Ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà tó fún ọjọ́ kan. Bí ó bá bú sẹ́kún, ẹ ti kọjá ààlà. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ tó mọ̀, kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó lọ ṣeré.

*Àyẹ̀wò:* Kí ó ṣe ìgbésẹ̀ kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún, ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra, láìsí ọwọ́ yín, kí ẹ tó fi òmíràn kún un.

Ìpele 4: Ẹ jẹ́ kí ó dá ọgbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀

Ìpele tó ṣe pàtàkì jù lójú mi nìyí, òun náà ló sì le jù fún wa, torí ilé tí àgbà ti ń sọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń gbọ́ ni wọ́n ti tọ́ wa. Bí ẹ bá sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ yìí, ẹ̀wù kan yìí ni yóò mọ̀ ọ́n wọ̀. Bí ẹ bá kọ́ ọ bí a ṣe ń wá ọgbọ́n sí nǹkan, yóò mú un lọ sídìí bàtà, síbí, àti síléètì.

Àwọn ergothérapeute méjì ní Kánádà, Helene Polatajko àti Angela Mandich, ló ṣètò ọ̀nà yìí; CO-OP ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ń bi ara rẹ̀ léèrè sókè ketekete: *Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọgbọ́n wo ni mo máa dá?* Yóò wá ṣe é. Lẹ́yìn náà: *Ṣé ọgbọ́n mi ṣiṣẹ́?* Bí kò bá ṣiṣẹ́, ọgbọ́n ni yóò pààrọ̀. Òun kọ́ ló burú.

Iṣẹ́ tiyín ni ìbéèrè. Bó ṣe lọ lọ́dọ̀ wa nìyí, lọ́jọ́ tí bọ́tìnnì kọ̀ tí kò wọlé:

"Kí ló ṣe é?"

"Kò wọlé, Màámi."

"Báwo lo ṣe gbé e lọ síbẹ̀?"

Ó fi hàn mí. Ó gbé bọ́tìnnì náà pẹrẹsẹ lu ihò, bí ẹni gbé àwo bo ìkòkò.

"Tí a bá fẹ́ gbé tábìlì ńlá yẹn gba ẹnu ọ̀nà wa, báwo la ṣe ń ṣe é?"

Ó ronú pẹ́. Mo pa ẹnu mọ́, ó sì le fún mi. Ó wá ní: "A máa ń fi ẹ̀gbẹ́ gbé e."

Ó wo bọ́tìnnì, ó wo ihò. Ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wọlé.

Ọmọ Kétu ni, ó wá sọ ihò náà ní Ìdẹ́nà, bí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa tí gbogbo wa mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ bó bá ń wọṣọ pé: "Fẹ̀gbẹ́, wọ Ìdẹ́nà, fà á." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, n kò tún un ṣe. Bí ọmọ Ṣábẹ bá pe tirẹ̀ ní ihò òkúta, bí ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) bá pè é ní ẹnu ọkọ̀ ojú omi, kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ọmọ jáde ni ọwọ́ ọmọ ń tẹ̀ lé.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: Ìbéèrè tó jẹ́ ìbáwí. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?" kì í ṣe ìbéèrè, ọmọ náà sì mọ̀. Ẹ̀kejì ni oríyìn tí kò ní nǹkan nínú. "O káre" dára, ṣùgbọ́n "o rántí fi ẹ̀gbẹ́ gbé e" ni ó ń sọ fún un ohun tí yóò tún ṣe lọ́la.

*Àyẹ̀wò:* Ó kùnà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbìyànjú ọ̀nà mìíràn kí ó tó wo ojú yín. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i, ẹ kọ déètì rẹ̀ sínú ìwé.

Ìpele 5: Láti orí tábìlì dé òwúrọ̀ ọjọ́ iléèwé

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀wù orí tábìlì pẹ̀lú bọ́tìnnì ńlá. Lẹ́yìn náà, ó wọ̀ ọ́ lórí ìjókòó pẹ̀lú bọ́tìnnì ńlá kan náà. Lẹ́yìn náà, bọ́tìnnì àárín. Lẹ́yìn náà, bọ́tìnnì gidi. Ìdúró ló tẹ̀ lé e. Òwúrọ̀ ni ìkẹyìn.

Àwa ti fi ọjọ́ kan fo mẹ́ta. Bọ́tìnnì ńlá ti mọ́ ọn lára, inú mi dùn, mo gbé kakí gidi fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó kùnà, ó sì kọ̀ láti fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan fún ọjọ́ mẹ́rin. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Fún irú ọmọ yìí, ẹ̀wù tuntun, ìdúró àti ìkánjú jẹ́ iṣẹ́ tuntun mẹ́ta.

Tí ẹ bá dé òwúrọ̀, ẹ jí i ní ìṣẹ́jú 20 ṣáájú. Kí ó de bọ́tìnnì méjì ìsàlẹ̀, kí ẹ de ìyókù láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ta. Ti ọrùn lè jẹ́ tiyín fún ìgbà pípẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Aránṣọ sì lè fi bọ́tìnnì amúrapọ̀ tí kò nílò ihò sábẹ́ ti ọrùn, kí ó rán bọ́tìnnì gidi sójú rẹ̀ kí ó má yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe ẹ̀tàn.

*Àyẹ̀wò:* Ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìsí ariwo ní òwúrọ̀. Ariwo tiyín ni mo ń sọ.

Ìpele 6: Ẹ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀

Ẹ lọ lẹ́yìn tí iléèwé bá tú, ẹ má lọ lójú àwọn ọmọ. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí dókítà lọ bí ẹ bá ní in. Ẹ má lọ bẹ olùkọ́ pé kí ó ṣàánú ọmọ. Ẹ gbé ohun tó ṣeé ṣe síwájú rẹ̀. Kí ọmọ jókòó níwájú, kí ó kọjú sí pátákó tààrà. Kí ó da ìlà mẹ́ta kọ dípò mẹ́wàá, torí pé kíkọ ló ń rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Kí olùkọ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu nígbà tí síléètì bá kọ̀. Ní CI àti CP, kíláàsì méjì àkọ́kọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ fún un ní ẹfun kúkúrú, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹfun gígùn ń jẹ́ kí gbogbo ìka di í mú bí ọmọ odó, ẹfun kúkúrú kò fi àyè sílẹ̀ ju ti ìka mẹ́ta lọ.

Lọ́jọ́ eré ìdárayá, kí ó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wọṣọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú àwọn tó kù. Ohun kan tí mo bẹ olùkọ́ tuntun nìyẹn, ó sì ṣe é láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀dí rẹ̀. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ bi ọmọ, ẹ má bi olùkọ́: "Kí lo ṣe lónìí ní iléèwé tó rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀?"

Ìpele 7: Nígbà tí ẹ bá ń lọ rí ergothérapeute

Wọn kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti Kétu, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín kí wọ́n kọ ìwé fún yín, kí ẹ tó gba ọ̀nà Pobẹ̀ àti Sákétẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kùtọnú. Ẹ bèèrè ẹ̀ka ìtọ́jú ara ní CHUD, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Àjàṣẹ́, tàbí ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Kùtọnú. Bí kò bá sí ergothérapeute níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ní kí wọ́n júwe yín.

Owó ọkọ̀ wọ́n, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání, ìwé iléèwé rẹ̀ méjì, àti fídíò kúkúrú lórí fóònù: bó ṣe ń wọṣọ, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sáré. Ọmọ máa ń gan síwájú àlejò, fídíò ni yóò fi òtítọ́ hàn. Wọ́n lè ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní M-ABC 2 fún un, tó wà fún ọmọ ọdún 3 sí 16: apá kan fún iṣẹ́ ìka, apá kan fún jíju nǹkan àti gbígbá a mú, apá kan fún ìdúró láìṣubú. Ẹ má kọ́ ọ ní ìdánwò náà nílé.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n kí ẹ tó dìde: iṣẹ́ wo gan-an ni a ó jọ kọ́ ọ, kí ni kí n máa ṣe nílé láàárín ìgbà yìí sí ìgbà tí a ó tún padà, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó ń lọ? Bí ẹnì kan bá gba owó yín fún oṣù púpọ̀ tí kò lè dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí ọmọ yín fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe nílé tàbí níléèwé, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ má retí pé wọ́n á ní ó ti lọ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní in ló ń bá a dàgbà. Ohun tó ń pọ̀ sí i ni ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Lẹ́yìn ìsinmi ńlá

Láàárín ìsinmi ńlá, ọmọ kì í wọ kakí, ọwọ́ sì máa ń gbàgbé díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kí iléèwé tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ gbé ẹ̀wù àtijọ́ jáde, kí ó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lórí àpótí rẹ̀. Bí ẹ bá ń rán kakí tuntun, ẹ ní kí aránṣọ fi ọrùn sí bọ́tìnnì bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fọ ẹ̀wù náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó kan ara rẹ̀. Ní ti òwú pupa etí ihò, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ títí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò fi sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Tèmi sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wọ CE2, kíláàsì kẹrin. Mo gbé abẹ́ fún un, ó sì jókòó tì mí, ó ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.